Ọ̀rọ̀ Mẹ́wàá Nínú Páálí Bàtà

“Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ tan sípíkà mi yìí,” ni Ààrá wí, ó sì nàka sí àpótí dúdú kan tó ga tó ilẹ̀kùn, “òkú mẹ́ta ló dìde ní ilé ìgbókùúsí. Méjì sá lọ sílé. Ẹ̀kẹta wọ ṣọ́ọ̀bù yìí wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n dín in kù díẹ̀, pé oorun ṣì ń kùn òun.”

Oníbàárà tó wá háyà máìkì wò ó títí. “O wá dín in kù fún un?”

“Mo dín in kù. Ṣé ìkà ni mí ni?”

Bí Ààrá ṣe rí nìyẹn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa fi sípíkà àti máìkì háyà fún àwọn tó bá ní ìpàdé, irọ́ rẹ̀ sì ń dún ju sípíkà lọ. Tó bá sọ fún yín pé òjò ń rọ̀, ẹ kọ́kọ́ na ọwọ́ síta wò. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti ti ọ̀rẹ́ rẹ̀, káfíńtà kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Dákẹ́rọ́rọ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó sọ yàrá di ibi tí ariwo ò lè wọ̀, tí ariwo ò sì lè jáde. Á kan pákó ní ìlọ́po méjì, á ki òwú àti fóòmù sáàárín wọn, á fi rọ́bà yí etí ilẹ̀kùn ká. Ọ̀kan ń da ariwo sígboro, èkejì ń gbá a nílẹ̀. Orí àpótí ìṣó kan náà ni àwọn méjèèjì ti máa ń jẹ búrẹ́dì lọ́sàn-án.

Dákẹ́rọ́rọ́ yìí, ẹ gbọ́ o, kì í sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ọdún tí ìṣó gún un lẹ́sẹ̀, ọjọ́ kẹta ló tó ké “Yéè!” Ìwé rẹ̀ náà ò lọ jìnnà. Ọdún kejì ní ilé ẹ̀kọ́ girama ló ti jù ú sílẹ̀, nígbà tí bàbá rẹ̀ kú tí òòlù bàbá sì di tirẹ̀. Gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tó mọ̀, ara páálí fóòmù àti ara ẹ̀rọ Ààrá ló ti kà á.

Ìfẹ́ ló wá la ẹnu ọ̀hún.

Ilé ìwòsàn ńlá kan ló ránṣẹ́ pè é. Yàrá tí wọ́n ti ń yẹ inú àwọn aláboyún wò fara ti ilé jẹnẹrétọ̀, jẹnẹrétọ̀ náà sì ń bú bí ẹgbẹ̀rún kìnnìún tí eyín ń dùn. Àwọn aláboyún ò lè gbọ́ bí ọkàn ọmọ wọn ṣe ń lù nínú ẹ̀rọ. Obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún un. Arínú ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí kò sóhun tó wà nínú ikùn tí ojú rẹ̀ ò tó.

“Ẹ káàbọ̀ o, káfíńtà. Ògiri náà rèé. Ẹ bá mi pa á lẹ́nu mọ́.”

Dákẹ́rọ́rọ́ mi orí. Ó wọn ògiri. Ó tún un wọ̀n. Nígbà tó máa fi wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kẹrin, ojú ti bẹ̀rẹ̀ sí í ti ògiri fúnra rẹ̀. Ojú Dákẹ́rọ́rọ́ ò sí lára ògiri mọ́. Ọwọ́ obìnrin náà ló ń wò, bó ṣe ń nu ẹ̀rọ rẹ̀ bí ìyá tó ń nu ojú ọmọ.

“Kí ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ yìí?” Ohùn ara rẹ̀ yà á lẹ́nu.

“Ultrasound.”

“Sound? Mi ò mà gbọ́ nǹkan kan.”

Arínú rẹ́rìn-ín. “Kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ. Ohùn ni, àmọ́ ó ga kọjá èyí tí etí èèyàn lè mú. A máa rán an wọnú lọ, á lọ kan ọmọ lára, á sì padà wá. Ohun tó bá pàdé lọ́hùn-ún ni ẹ̀rọ máa yà sójú gíláàsì yìí.”

Dákẹ́rọ́rọ́ jókòó lé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Ọdún méjìlá ló ti fi ń lé ohùn kiri nínú yàrá bí ẹni ń lé ewúrẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé ohùn kan wà tí kì í pariwo, tó ń lọ wò bóyá ọmọ wà ní àlàáfíà, tó sì ń padà wá jíṣẹ́.

“Irú ohùn tó yẹ kí èèyàn ní nìyẹn,” ló wí.

Obìnrin náà yíjú sí i. Ìgbà yẹn ló tó wò ó dáadáa.

Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ṣe é. Ìṣó kan ṣoṣo, á kàn án láàárọ̀, á fà á yọ lọ́sàn-án, á ní kò dúró dáadáa. Ọ̀gá ilé ìwòsàn wá béèrè bóyá odi ìlú ló ń mọ. Nígbà tí kò wá sí ìṣó tó kù láyé mọ́, ó ti ilẹ̀kùn. Jẹnẹrétọ̀ pa lọ́lọ́ bí ẹni pé wọ́n gbé e jù sókun. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ bí ara wọn ṣe ń mí.

“Ó ti parí?” ni Arínú bi í.

Ó mi orí.

“Ó dáa. A wá wà nínú yàrá tí ẹ̀dá kankan ò ti lè gbọ́ wa, ìwọ ò sì tún ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ?”

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa pè é ní ìwọ. Òógùn tó bo Dákẹ́rọ́rọ́ lọ́jọ́ náà tó fọ gbogbo aṣọ ilé ìwòsàn fún ọ̀sẹ̀ kan.

“Mo ní ẹyọ kan,” ló wí. “Mo fẹ́ máa padà wá.”

“Láti wá wo ògiri?”

“Rárá o.”

Oṣù mẹ́jọ gbáko ló fi padà wá. Orí bẹ́ǹṣì ìta ilé ìwòsàn ni wọ́n máa ń jókòó sí tí Arínú bá ṣíwọ́, á máa sọ̀rọ̀, òun á máa gbọ́, nígbà mìíràn òun náà á sọ tirẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ṣọ́ ìṣó ná. Ní ìparí oṣù kẹjọ, Arínú ní ó ti tó kí bàbá òun gbọ́.

Bàbá náà ni wọ́n ń pè ní Tíṣà Àgbà. Ogójì ọdún ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ò fẹ̀yìn tì lára rẹ̀. Ògiri pálọ̀ rẹ̀, láti ilẹ̀ títí dé òkè àjà, páálí bàtà ló kún un. Páálí kọ̀ọ̀kan, ìdílé ọ̀rọ̀ kan. Á mú ọ̀rọ̀ kan bíi baálé, á wá wá gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n so ọ̀rọ̀ náà mọ́ òmíràn ṣẹ̀dá, á kọ wọ́n sórí káàdì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìtumọ̀. Àwọn ará àdúgbò máa ń sọ pé bí iná bá jó ilé náà, ọjọ́ méje ni èéfín á fi máa sọ Gẹ̀ẹ́sì.

“Káfíńtà?” ni Tíṣà Àgbà wí. “Mi ò kórìíra káfíńtà. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni mo jókòó lé yìí. Ìwé wo ló kà?”

“Ọdún kejì girama, Bàbá mi.”

“Wọ́n tún ní kì í sọ̀rọ̀.”

“Ó ń bá mi sọ̀rọ̀.”

“Ọmọ mi, gbọ́. Ilé tó bá dákẹ́ jù, bí olè ò bá sí níbẹ̀, ìjà ló wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni mo fi tọ́ ẹ. O ò tíì pé ọmọ ọdún méjì tí o ti ń bi mí ní orúkọ gbogbo ohun tí ojú rẹ rí. Ṣé ẹni tí o máa bi ní nǹkan, tí á kàn máa mi orí bí alángbá, ni kí n wá fi ẹ́ fún?”

Màmá tó ń lẹ aṣọ ní kọ̀rọ̀ gbójú sókè. “Bàbá ọmọ mi, ẹ̀yin náà ò mà sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ ń fẹ́ mi. Lẹ́tà lẹ máa ń kọ. Ọ̀rẹ́ mi ló ń kà á fún mi.”

“Ìyẹn yàtọ̀.”

“Báwo ló ṣe yàtọ̀?”

“Girama inú rẹ̀ dáa.”

Lọ́jọ́ kejì, Arínú sọ gbogbo rẹ̀ fún Dákẹ́rọ́rọ́ lórí bẹ́ǹṣì wọn. Kò sunkún. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, “Ìwọ ni mo fẹ́. Àmọ́ mi ò ní sá kúrò nílé nítorí ẹ. Mi ò lè gbé ìbànújẹ́ bàbá mi dání wọlé ọkọ. Tó bá gbà, mo ti dé. Tí kò bá gbà, ó tán nìyẹn. Jọ̀ọ́, wá nǹkan ṣe.”

Ẹni tí ayé fún ní ẹnu kékeré, kí ló fẹ́ ṣe bí kò ṣe kí ó lọ yá ti ẹlòmíràn? Ó lọ bá Ààrá.

“Fi sílẹ̀ fún mi!” Ààrá fò dìde, búrẹ́dì já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. “Èmi tí mo parí ìjà láàárín òkun àti iyọ̀! Èmi ni alárinà rẹ. Wọ bàtà.”

Bí wọ́n ṣe wọ pálọ̀ Tíṣà Àgbà, Ààrá dọ̀bálẹ̀ débi pé ó fi imú gbá eruku. “Bàbá, mo gbọ́ pé wọ́n ní ọ̀rẹ́ mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Háà! Ó gbọ́ ọ dé ibi tí èdè Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ máa ń wá kanlẹ̀kùn rẹ̀ láàárọ̀, á ní, ‘Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni mo túmọ̀ sí lónìí?’ Ìwé atúmọ̀ èdè ló fi ń ṣe ìrọ̀rí. Ó ti kà á láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó wá kà á láti ẹ̀yìn bọ̀ níwájú, kó lè mọ̀ bóyá wọ́n purọ́.”

Dákẹ́rọ́rọ́ wo ilẹ̀, ó ń bẹ ilẹ̀ pé kó lanu. Tíṣà Àgbà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. “Ṣé òótọ́ ni, ọ̀dọ́kùnrin?”

Ó la ẹnu láti sọ pé irọ́ ni. Ààrá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó pa ẹnu dé.

“Ó dáa bẹ́ẹ̀,” ni Tíṣà Àgbà wí, ó sì fọwọ́ lu páálí kan tó wà lórí tábìlì. “Páálí tí mo wà lórí rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ ni ti sound. Iṣẹ́ ẹ̀yin méjèèjì náà sì ni. Lọ́jọ́ Sátidé, láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, màá mú káàdì mẹ́wàá jáde níbẹ̀. Tó bá gba méje, kó máa mú ọmọ mi lọ. Tó bá gba mẹ́fà, kó máa mú ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, kó má sì gbé e wá síbí mọ́.”

Nígbà tí wọ́n jáde, Dákẹ́rọ́rọ́ fara ti ògiri. “O ti pa mí.”

“Mo ti gbé ìyàwó fún ẹ ni!” Ààrá fa nǹkan kékeré kan yọ lápò, kò ju hóró ẹ̀wà lọ. “Wò ó. Ohun tí àwọn olórin ń fi sétí lórí ìtàgé nìyí. Ìwọ á ki í bọ etí. Èmi á jókòó sábẹ́ fèrèsé bàbá, pẹ̀lú máìkì kékeré lọ́rùn àti ìwé atúmọ̀ èdè lórí ẹsẹ̀. Bó bá ti bi ẹ́, màá ṣí i, màá sọ ọ́ sí ẹ létí.”

“Báwo lo ṣe máa gbọ́ ohun tó bá bi mí?”

“Ohùn bàbá ò gbé òkè mọ́, àbí? Màá ní mo gbé sípíkà àti máìkì wá láti fi yẹ́ ẹ sí. Gbogbo ilé á gbọ́ ọ, èmi náà á gbọ́ ọ. Ohùn tèmi, màá fà á wálẹ̀ pátápátá lórí bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ mi, kó má bàa bọ́ sínú sípíkà. Etí rẹ nìkan ló máa wọ̀.”

“Mi ò fẹ́.”

“Kí lo fẹ́? Ṣé o fẹ́ ọmọ yẹn ni àbí o ò fẹ́ ẹ?”

Ọjọ́ mẹ́ta ni Dákẹ́rọ́rọ́ fi bá ìwé atúmọ̀ èdè jìjàkadì. Ọ̀rọ̀ á gba etí ọ̀tún wọlé, á kí ti òsì pé ó dàbọ̀. Ó ń rí ọ̀nà ilé ìwòsàn lójú rẹ̀, bẹ́ǹṣì tó ṣófo, Arínú tó ń gba ibòmíràn lọ sílé kí wọ́n má bàa pàdé. Nígbà tí Sátidé fi máa dé, ó ti ki hóró ẹ̀wà náà bọ etí.

Bí wọ́n ṣe tò wọ́n sí nìyí. Tíṣà Àgbà wà lẹ́yìn tábìlì, máìkì wà níwájú rẹ̀, àwọn káàdì mẹ́wàá sì dojú bolẹ̀. Sípíkà ńlá dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ọlọ́pàá. Bọ́ọ̀dù tí gbogbo ohùn ń gbà kọjá wà lórí àpótí kan nígun yàrá. Màmá gbé tíì dání. Arínú jókòó ti àwọn páálí bàtà, ó ká ọwọ́ jọ lórí itan. Ààrá to ẹ̀rọ tán, ó kí wọn pé ó dàbọ̀, ó ní àwọn ọ̀gá ńlá mẹ́rìndínlógún ń dúró de òun níbìkan, ó bá yípo ilé, ó wọ́ bí alángbá sínú òdòdó abẹ́ fèrèsé.

Tíṣà Àgbà ṣí káàdì àkọ́kọ́. “Soundproof.”

Ohùn rẹ̀ jáde nínú sípíkà, gbogbo kọ́ọ̀bù sì jó lórí tírè. Ohùn Ààrá bọ́ sí Dákẹ́rọ́rọ́ létí kíá: “Mo ti rí i! Ẹ̀rí ni! Ẹ̀rí tó dáńtọ́, irú èyí tí lọ́yà máa ń gbé lọ kóòtù!”

Dákẹ́rọ́rọ́ ṣẹ́jú. Ọ̀rọ̀ tó wà lára pátákó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀! “Ibi tí ohùn ò lè gbà kọjá ni, Bàbá. Bí mo bá ti ki ògiri tán, ohùn á dé ibẹ̀, òwú á gbé e mì.”

“Òwú á gbé e mì.” Tíṣà Àgbà kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. “Ọ̀kan. Soundtrack.”

Èyí ò dá a lójú. “Ojú irin!” ni Ààrá ń pariwo létí rẹ̀. “Ojú irin tí ọkọ̀ ojú irin aláriwo ń gbà! Sọ ọ́! Sọ ọ́ kí bàbá tó fura!” Jìnnìjìnnì mú un. Ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. “Ojú irin ni, Bàbá. Tí... tí ọkọ̀ aláriwo ń gbà.”

Tíì há Màmá lọ́fun. “Orin inú fíìmù ni,” ni Tíṣà Àgbà wí, ó sì fa ìlà sí i.

Dákẹ́rọ́rọ́ wo Arínú. Arínú ò bínú. Ó ń wò ó bó ṣe máa ń wo ojú ẹ̀rọ rẹ̀ nígbà tó bá ń wá ọkàn ọmọ, tó ń wá a, tí kò tíì rí i. Ojú ti Dákẹ́rọ́rọ́. Ó ṣe bí ẹni tí etí ń yún, ó yọ hóró ẹ̀wà náà, ó jù ú sápò.

“Sound check.”

“Kí èrò tó dé ni, Bàbá. À ń dán ohùn wò nígbà tí àga ṣì ṣófo, ká lè ṣe àṣìṣe wa tán nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wò wá.”

Tíṣà Àgbà wò ó lókè gíláàsì. Ó kọ ọ́. “Ultrasound.”

Dákẹ́rọ́rọ́ ò wojú Arínú. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló ń wò. “Ohùn tí kì í pariwo ni, Bàbá. Ẹ rán an níṣẹ́, kò ní bú ramúramù lójú ọ̀nà. Á wọ ibi tó ṣókùnkùn lọ, á fọwọ́ kan ohun tó wà níbẹ̀ jẹ́jẹ́, á sì padà wá sọ bó ṣe rí gan-an. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n ni mo ti fẹ́ mọ ọ̀rọ̀ sọ bẹ́ẹ̀.”

Bírò dúró lọ́wọ́ Tíṣà Àgbà. Màmá fi aṣọ orí tírè nu ojú, ó ní eruku ni.

“Mẹ́ta. Sound bite.”

“Mi ò mọ ìyẹn, Bàbá.”

“O ò ní gbìyànjú?”

“Tí mo bá gbìyànjú, irọ́ ni màá pa.”

Tíṣà Àgbà ṣàlàyé fún un pé gbólóhùn kúkúrú ni, èyí tí wọ́n gé jáde nínú ọ̀rọ̀ gígùn ẹnìkan kí àwọn èèyàn lè máa gbé e kiri. Dákẹ́rọ́rọ́ dúpẹ́. Wọ́n bi í ní soundbox, ó ní ikùn gìtá ni, òun ti tún mẹ́ta ṣe rí, pé okùn nìkan ò lè dún ká yàrá, igi tó ṣófo lábẹ́ rẹ̀ ló ń gbé ohùn rẹ̀. Wọ́n bi í ní soundwave, ó mú ṣíbí, ó fi orí rẹ̀ kan ojú tíì, ó ní kí Bàbá wo bí òrùka omi ṣe ń fẹ̀ títí dé etí kọ́ọ̀bù. Wọ́n bi í ní sound sleep.

“Oorun àsùnwọra ni, Bàbá,” ló wí. “Ó máa ń wá bá mi dáadáa kí n tó mọ ọmọ yín.”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Tíṣà Àgbà kó tó rí i dì mú. Ó wú ikọ́ lé e lórí. “Mẹ́fà,” ló wí, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà. Ó ṣí káàdì kẹsàn-án. “Soundboard.”

Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù, kí ó sì gba ìyàwó. Arínú ti dìde dúró láìmọ̀.

“Ó wà nínú yàrá yìí, Bàbá. Ṣé kí n fi hàn yín?”

Tíṣà Àgbà fi máìkì sílẹ̀, ó tẹ̀lé e dé igun yàrá. Dákẹ́rọ́rọ́ gbé ọwọ́ lé bọ́ọ̀dù. “Gbogbo ohùn tó bá ń bọ̀, ibí ló ti ń pàdé. Ohùn kọ̀ọ̀kan ní ọ̀pá tirẹ̀. Tí ẹ bá tì í sókè, ó di ńlá. Tí ẹ bá fà á wálẹ̀, ó dákẹ́. Ọ̀pá yìí ni tiyín.”

Inú Tíṣà Àgbà dùn bí ọmọdé. Ó tì í sókè, ó fà á wálẹ̀, ó tún tì í sókè. “Ó tọ́! Ó tọ́ gan-an ni! Méje nì...” Ó wá fi bírò tọ́ka. “Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ńkọ́? Wọ́n fà á wálẹ̀. Ta ló ni ín?”

Ọwọ́ Dákẹ́rọ́rọ́ dúró lórí ọ̀pá kejì. Ó mọ ẹni tó ni ín. Kó kàn sọ pé kò sẹ́ni tó ni ín, ìyàwó ti wọlé. Kò tiẹ̀ ní láti sọ̀rọ̀. Kó mi orí lásán, ohun tó ti ń ṣe láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ó wo Arínú. Ọkàn rẹ̀ ń lù débi pé à bá gbọ́ ọ nínú jẹnẹrétọ̀ mẹ́wàá.

“Irọ́ tí mo gbé wọ ilé yín ni, Bàbá,” ló wí, ó bá ti ọ̀pá náà sókè.

“...TÀBÍ KÓ JẸ́ PÁKÓ TÍ WỌ́N FI Ń KAN PÓSÍ ALÁRIWO!” ni sípíkà bú. Páálí méjì já bọ́ lára ògiri. “DÁKẸ́RỌ́RỌ́! ṢÉ O Ń GBỌ́ MI? Ọ̀RỌ̀ MẸ́FÀ NI MO TI BÁ Ẹ GBÀ BẸ́Ẹ̀ O! BÀBÁ YÌÍ Ò FURA RÁRÁ, PÁÁLÍ TI KÚN ORÍ Ẹ̀!”

Ọkùnrin tó ti fi ogún ọdún gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú sípíkà, kò ṣàjèjì sí i mọ́. Ààrá ò tiẹ̀ fura.

Dákẹ́rọ́rọ́ yọ hóró ẹ̀wà náà lápò, ó gbé e lé tábìlì.

“Ìgbà wo lo yọ ọ́ létí?” ni Tíṣà Àgbà bi í.

“Lẹ́yìn ojú irin, Bàbá.”

Tíṣà Àgbà padà lọ jókòó. Ó ṣí ìwé tó ń kọ nǹkan sí. Ó tẹ̀ síwájú, ó pe ọ̀rọ̀ sínú máìkì jẹ́jẹ́: “Soundbox.”

“ÀPÓTÍ ÌBÒ!” ni sípíkà dáhùn. “ÈYÍ TÍ ÀWỌN OLÓṢÈLÚ MÁA Ń JÀ LÉ LÓRÍ!”

“Sound sleep.”

“ÌHANRUN! ÌHANRUN NI, KÍÁKÍÁ!”

Tíṣà Àgbà fi ìka tẹ̀lé ohun tó ti kọ sínú ìwé náà, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èyí tí sípíkà ń wí ò jọ ọ̀kankan nínú wọn. Ó pa ìwé náà dé.

“Ẹ fagi lé e, Bàbá,” ni Dákẹ́rọ́rọ́ wí. “Màá máa lọ.”

“Ṣé mo ní kí o lọ ni? O ti gba méje. O sì mọ̀ pé o ti gbà á. Kí ló dé tí o tì í sókè?”

“Ẹ bi mí ni, Bàbá. Tí ọmọ yín bá ń gbé lọ́dọ̀ mi, á máa bi mí ní nǹkan. Ẹ̀rù bà mí pé tí mo bá fi irọ́ bẹ̀rẹ̀, mi ò ní mọ ibi tí màá ti dá a dúró. Ẹnu mi ò dùn. Mi ò fẹ́ kí díẹ̀ tó bá máa tẹnu mi jáde tún jẹ́ irọ́.”

Tíṣà Àgbà bọ́ gíláàsì ojú, ó ń nù ún, ó ń nù ún, bí ẹni pé ó fẹ́ nù ún tán.

“Arínú.”

“Bàbá mi.”

“Ó ń sọ̀rọ̀ o.”

“Mo sọ fún yín.”

“Hẹn-ẹn.” Ohùn bàbá gbọ̀n nínú sípíkà. “Ó dáa. Jókòó, ọmọ mi. Ìyá ọmọ mi, ẹ bu tíì míì fún ọkọ ọmọ yín, èyí ti tutù.”

Arínú ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wọ ọwọ́ Dákẹ́rọ́rọ́, ọwọ́ tó le koko bí pákó, ó sì dì í mú.

Bí Ààrá ṣe gbọ́ “ọkọ ọmọ yín,” ìwà rẹ̀ ò jẹ́ kó lè jókòó. Orí rẹ̀ yọ lójú fèrèsé gbọ̀ngbọ̀n, òdòdó há sí i ní imú, ìwé atúmọ̀ èdè wà lábẹ́ apá rẹ̀ ní ìdorí-kodò. “Ẹ KÚ ORÍIRE O!” Ohùn rẹ̀ jáde lójú fèrèsé, ó sì jáde lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú. “MO KÀN Ń KỌJÁ LỌ NI O! Ẹ̀MÍ TÓ RAN Ọ̀RẸ́ MI LỌ́WỌ́ NÍNÚ ÌDÁNWÒ YÌÍ, Ẹ̀MÍ GÍGA NI!”

Tíṣà Àgbà dìde. Ó mú rúlà onígi ogójì ọdún kúrò lórí tábìlì. “Ọ̀gbẹ́ni, wọlé. Káàdì kan ṣẹ́kù. Ìwọ lo máa gbà á.”

Ààrá gbé itọ́ mì. Sípíkà ńlá gbé itọ́ mì pẹ̀lú rẹ̀, gbúlúù. Ìgbà yẹn ló tó wo máìkì tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó wo bọ́ọ̀dù, ó wo rúlà.

Ó sá.

Ó fo ọgbà bí ewúrẹ́ tí wọ́n da omi gbígbóná lù, máìkì sì wà lọ́rùn rẹ̀ síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó lé e. Inú pálọ̀ ni gbogbo wọn dúró sí, tí wọ́n ń gbọ́ eré náà lẹ́nu ọ̀nà: bàtà tó ń dún pà-pà-pà, èémí tó ń fọn bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, ajá kan tó gbó, àti “YÉÈ! KÒ SÍ ẸRAN LÁRA MI, LỌ SÍLÉ!” Màmá fẹ̀yìn lélẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ẹ̀rín já lẹ́nu Tíṣà Àgbà náà, rúlà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ JỌ̀Ọ́ SÀ, ÈMI KỌ́!” ni sípíkà ń bẹ̀, ohùn náà ń jìnnà, ó ń há, ó ń fà bí aṣọ tó ń ya. “ÌBEJÌ MI NI! MI Ò MỌ ẸNÌKAN TÓ Ń JẸ́ Dákẹ́rọ́rọ́ rí! Mi ò tiẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì! Mi ò...”

Ó kọjá oríta, ẹ̀rọ ò sì gbé ohùn rẹ̀ mọ́.